Ẹkún Tó Wà Ní Ìparí Àwo

Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún rédíò ṣe kò fẹ́ ohun púpọ̀ láyé. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohùn obìnrin kan kí òun tó kú. Wọ́n gbọ́ ọ. Ohun tó sì bà á lọ́kàn jẹ́ títí dòní nìyẹn.

Onírédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé alájà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ṣe káfíńtà. Ṣọ́ọ̀bù náà há. Bí ènìyàn bá na apá méjèèjì, ìka rẹ̀ á kan rédíò lọ́tùn-ún, á kan rédíò lósì. Òórùn òjé tó yọ́ ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá kan wà lẹ́yìn, aṣọ ìkélé ló pín in níyà. Ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Á gbé etí lé rédíò bíi dókítà. Oníbàárà tó bá ń ṣàlàyé jù, á ní, "Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀."

Obìnrin olóhùn tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, olórin ni. Láàárín àwọn ọdún 1960 ló kọrin, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bí agbòòrùn, tí àwa ọkùnrin ń fi bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó jó títí ẹsẹ̀ fi ń wú. Ìrì Òwúrọ̀ ni orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára àwo rẹ̀. A kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Àwo kan ṣoṣo náà la sì mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di olókìkí, wọ́n ra mọ́tò, wọ́n sanra, fọ́tò wọn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Tirẹ̀ kò sí níbì kankan.

Bí àwo náà ṣe dọ́wọ́ Onírédíò nìyí. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ tó ń lu àwo wá fún àtúnṣe, àwo náà wà lórí rẹ̀. Ó lọ, kò padà wá. Onírédíò retí rẹ̀ títí. Nígbà tó sú u, ó ṣí ẹ̀rọ náà. Mọ́tò inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí mọ́tò, èyí tí okùn rọ́bà ń gbà lára rẹ̀ lọ yí àwo, ti fọ́ túútúú. Kò rí irú rẹ̀ rà. Ó ní kí n gbẹ́ ọ̀kan fún òun. Mo fi igi líle gbẹ́ ẹ, kò ju kẹ̀kẹ́ òwú aránṣọ lọ. Mo jẹ́ kó sanra díẹ̀ kó lè rí ibi ha lára rẹ̀, nítorí bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá ṣe tóbi tó ni àwo ṣe ń sáré tó.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà náà. Ó wà ní ìdùbúlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ariwo díẹ̀ á máa gún un lórí. Onírédíò fi kẹ̀kẹ́ náà sí i, ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Àwo ń sáré jù. Ó yọ kẹ̀kẹ́ náà, ó fi sáńpépà ha á, ó dá a padà. Kò sí àwo mìíràn nílé tí a lè fi wò ó. Etí ló fi ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú yàrá.

"Ó ń sáré. Ẹ jẹ́ kó rọra."

Ó tún ha á, ó tún dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láàárọ̀ yẹn, ọkọ lóde, ìyàwó nínú, títí ohùn kan fi jáde tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ fún. Ohùn obìnrin ni. Ó jinlẹ̀, ó sì jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń bẹ ẹnì kan nínú ilé pé kó má tíì ti ilẹ̀kùn, òun ń bọ̀ lọ́nà. Ó ń wí i bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti tì í tipẹ́. Nígbà tí ìlù àti fèrè dákẹ́, ó sunkún. Ẹkún náà kò gùn. Ó dà bíi ti ẹni tó sáré fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Àwo sì parí.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Àwo yẹn nìkan ló ń fẹ́ gbọ́. Ó ní ẹni tó ń kọrin yìí mọ ohun tó ń ṣe òun. Ó ní yóò burú kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ sọnù. Onírédíò ní kò ní sọnù, pé gbogbo ayé á gbọ́ ọ. Mo wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún aláìsàn ni. Òun kò gbà á bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, kó má baà dá nìkan wà. Á lu àwo náà. Aránṣọ tó wà lókè, opó ni, gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé rédíò rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ọ, ó gbàgbé rédíò síbẹ̀ lọ sílé. Bí a ṣe di mẹ́rin nìyẹn. A ò lórúkọ tí à ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ àìdáa sí Ìrì Òwúrọ̀ lójú wa, ó ti rí ìjà.

Láàárín ara wa náà, ìjà ni. Ẹkún ìparí àwo yẹn ló ń fà á. Tíṣà ní àfẹ́sọ́nà olórin náà ló kú, ìròyìn ikú sì dé bá a níbi tó ti ń kọrin. Ó ní ẹni tó bá sunkún báyẹn kì í pẹ́ láyé, ọmọbìnrin náà ti kú léwe, ìdí nìyẹn tí kò fi sí àwo kejì. Ó ti wí i títí ó fi di òótọ́ lẹ́nu gbogbo wa. Aránṣọ ní irọ́ ni. Ó ní àwọn tó ṣe àwo náà ló rẹ́ ẹ jẹ, pé obìnrin mọ irú ẹkún tí obìnrin ń sun tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ.

"Ìwọ yìí," ni Tíṣà wí fún un lọ́jọ́ kan, "kí lo mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ?"

"Abẹ́rẹ́ náà ló ń kọrin níwájú yín yẹn, Tíṣà."

Mo dá sí i pé bóyá bàtà ló ń fún un. Wọ́n ní kí n máa lọ sídìí pákó mi.

Onírédíò kì í jiyàn. Tí a bá ti pariwo tán, á ní obìnrin náà ti rí òpin nǹkan kó tó dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbà á. Ó ní àwọn ènìyàn ń fẹ́ jó nígbà náà, obìnrin náà sì ń sọ òtítọ́ fún wọn. Ó gbà pé ayé jẹ obìnrin yẹn ní gbèsè ọlá. Nígbà tó bá ń sọ ọ́, aṣọ ìkélé ló máa ń wò.

Àwọn kan gbé àwo olórin mìíràn wá kí a lè gbọ́ ohun tó dára. Gbogbo wọn ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Tíṣà á rẹ́rìn-ín. Á ní Ìrì Òwúrọ̀ nìkan ló lè rọra kọrin kó má sùn sórí rẹ̀. Aránṣọ ṣàkíyèsí lẹ́ẹ̀kan pé orin kan tí òun jó níbi ìgbéyàwó òun kò wúwo tó báyìí bí wọ́n bá lù ú lórí rédíò. Onírédíò ní àwọn ilé rédíò ló ń sáré lu orin kí wọ́n lè ráyè polówó ọṣẹ. A gbà á gbọ́. Ta ni yóò bá a jiyàn nípa rédíò?

Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò yé lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì máa ń dá a padà. Ẹ̀ṣọ́ kan á fẹ̀yìn tì, òmíràn á gba ipò rẹ̀, á sì tún dá a padà. Irun orí rẹ̀ funfun lẹ́nu géètì yẹn.

Nígbà tó yá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, gbé rédíò ìyá rẹ̀ wá tún ṣe. Ó ní òun ní ètò kan láàárọ̀ Sátidé lórí àwọn olórin àtijọ́ tí wọ́n ti gbàgbé. Onírédíò fi irin gbígbóná sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jó tábìlì náà. Ó fẹ́ lu àwo fún un lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n iná kò sí. Ọmọ náà wo àwo náà, ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, kí ó gbé e wá ní Sátidé. Ó ní òun á sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ ṣáájú, bóyá ẹnì kan á wà tó mọ̀ ọ́n.

Aránṣọ ló lọ aṣọ Onírédíò. Tíṣà kó ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nípa ìgbésí ayé olóògbé jọ sórí. Onírédíò fi táwẹ́ẹ̀lì tuntun wé àwo náà, ó gbé e sáyà títí a fi débẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ṣí ọ̀nà fún wa, ó sì kí Onírédíò. Ọ̀rẹ́ mi dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo géètì náà bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó ń ṣí.

Wọ́n mú wa wọ yàrá kékeré kan tí fóòmù bo ògiri rẹ̀. Gíláàsì wà ní iwájú, ẹ̀rọ wà lẹ́yìn gíláàsì. Ìyá arúgbó kan ti jókòó síbẹ̀, ó gbé pọ́ọ̀sì lé itan. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní àbúrò Ìrì Òwúrọ̀ ni, ó gbọ́ ìkéde, ó sì pè wọ́n. Tíṣà tẹríba fún un bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ó ní kó pẹ̀lẹ́, ikú náà ti pẹ́. Ìyá náà ní, "Ẹ ṣé," ó ń wò ó.

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Ohùn ọmọdé kan ló jáde. Ó tínrín, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ọmọ tó ń fo okùn. Fèrè ń sá tẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n má tíì ti ilẹ̀kùn, òun ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tó sì ń sọ ọ́, òde ijó ló ti ń bọ̀, kò tilẹ̀ bìkítà bí wọ́n bá tì í. Orin tí ènìyàn fi ń gbálẹ̀ ni. Ó dára, bí irú rẹ̀ ṣe máa ń dára.

Tíṣà gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́. Ó ní wọ́n ti fi àwo mìíràn sí i. Onírédíò dìde, ó fi iwájú orí kan gíláàsì, ó ń wo àwo tó ń yí. Bébà àárín rẹ̀ ya létí kan. Òun fúnra rẹ̀ ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, mo rí ibẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

"Ó ń sáré," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó rọra."

"Bàbá, ẹ̀rọ wa yìí kì í sáré o," ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Àfi bí tiyín bá ń falẹ̀."

Orin ń lọ. Ìyá arúgbó náà ti ń fi ìka lu pọ́ọ̀sì rẹ̀. Fèrè dákẹ́, ìlù dákẹ́. Ó wá dé ibi ẹkún. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti ń pa mọ́ra tipẹ́ ni, ó bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sáré fọwọ́ bò ó. Àwo sì parí.

Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò pé bẹ́líìtì afunfèrè ló já, ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ sì wà lára fèrè, kò lè di ṣòkòtò mú. Ó fun fèrè náà dópin, ṣòkòtò ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òun kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ọ̀gá tó ń ṣe àwo ní owó kò sí láti tún un ṣe, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà bi í bóyá àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú. Ìyá náà ní afunfèrè yẹn ló fẹ́. Ó ní wọ́n bímọ, wọ́n ta aṣọ, ẹ̀gbọ́n òun sanra, kò sì bìkítà fún orin mọ́. Aránṣọ bi í nígbà wo ló kú. Ó ní ní òjò èṣí. Ní òdìkejì afárá ló ń gbé.

Ẹsẹ̀ ènìyàn lè rìn láti ṣọ́ọ̀bù Onírédíò dé ibẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó wá a nínú wa. Ta ní ń wá òkú kiri?

Onírédíò kò tíì jókòó. Ìyá náà yíjú sí i.

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi wá àwo yìí títí. Kò ní ọ̀kan lọ́wọ́. Ó máa ń sọ pé kí àwọn ọmọ-ọmọ òun kàn gbọ́ bí òun ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló wà ni."

Wọ́n ti ń pe ilé-iṣẹ́ rédíò láti ìta. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un lù. Wọ́n tún un lù. Wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n ń lù ú títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ti ń dún ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹni tí wọ́n ń gẹ̀ lórí ń mi orí sí i, onígbàjámọ̀ ń bú u. Àwọn ọmọdé ti mọ ẹ̀rín ìparí rẹ̀, wọ́n fi ń ṣeré. Gbogbo ayé gbọ́ ọ, bó ṣe ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀.

Tíṣà kò bá wa dé ilé. Ó yà lójú ọ̀nà, ó ní òun ń lọ ra nǹkan. Kò wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò sì wá mọ́. Aránṣọ wá lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó díẹ̀, ó ní iṣẹ́ wà lórí máṣíìnì. Mo máa ń gbọ́ máṣíìnì náà láti ìsàlẹ̀. Kò dún ní ọ̀sán yẹn.

Lẹ́yìn náà Onírédíò wá bá mi nídìí pákó. Ó ní kí n gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mìíràn fún òun, èyí tó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kó fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ta ló ń bi í.

"Àìsàn tí mo ti mọ̀," ló wí, "ṣé mo lè fi í sílẹ̀ lára ẹ̀rọ?"

Mo gbẹ́ ẹ. Ó ha á, ó ń fi rédíò wò ó, títí ẹ̀rọ rẹ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ rédíò fi ṣe ọgbọọgba. Ọmọbìnrin náà kọrin rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rẹ́rìn-ín. Onírédíò tẹ́tí sí i dópin. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò.

"Mo gba ẹ̀rín lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ," ló wí, "mo sọ ọ́ di ẹkún, mo wá ń bá àwọn ènìyàn jà pé wọn ò bá mi sun ún."

Mo sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ló ní kó rọra, pé ohùn tó fẹ́ gbọ́ ni. Mo rò pé yóò tù ú nínú. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó òun kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹnì kan wà níbì kan tó mọ ìrora òun. Kò sí ẹnì kankan. Bẹ́líìtì afunfèrè ló já.

Mo ní kó dá kẹ̀kẹ́ ti tẹ́lẹ̀ padà nígbà náà, kí àwa méjì máa gbọ́ ọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n.

"Mo ti dán an wò," ló wí. "Ẹ̀rín náà ni mo ń gbọ́ nínú ẹkún."

Ó gbé àwo náà lọ fún àbúrò olórin náà lódìkejì afárá, fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ó ní wọ́n fi fọ́tò olóògbé han òun, ó wà láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó ya ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí i rí. Ó ti gbé rédíò wá fún òun ṣe.

Mo ṣì ń lọ jókòó tì í lọ́jọ́ Ìsinmi. Oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Tí ó bá gbé etí lé rédíò, á tún gbé e kúrò, á ní kí n bá òun gbọ́ ọ. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa rédíò. Ó ní òun náà kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó tan ẹ̀rọ náà láìsí àwo lórí rẹ̀. Ó ń yí. Kẹ̀kẹ́ igi ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dúdú, ó ń dán.

"Ohùn ìyàwó mi tí mo ń gbọ́ lọ́kàn mi," ló wí, "ó jinlẹ̀, ó ń rọra. Ìwọ mọ̀ ọ́n kó tó dùbúlẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi. Ọkùnrin tó gbé ìgbésí ayé rẹ̀ lórí etí rẹ̀ ló ń bi mí, mi ò lè parọ́ fún un.

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ yára," ni mo wí. "Á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀."

Ó wo aṣọ ìkélé náà pẹ́.

"Mi ò rántí ìyẹn," ló wí.

Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà.